Ṣé Kí N Máa San Owó Oṣooṣù fún Áàpù Tó Ń To Ọ̀nà Ìpínkiri Búrẹ́dì Wa?

Ìbéèrè: Békìrì kékeré ni mo ní ní Àpáta, ní Ìbàdàn. Bọ́ọ̀sì kékeré méjì àti kẹ̀kẹ́ Márúwà kan ló ń gbé búrẹ́dì wa lọ fún oníbàárà 72, láti Ring Road títí dé Òjòó àti Akóbo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí a máa lo áàpù kan tó ń to ọ̀nà fún awakọ̀, owó dọ́là ni wọ́n sì ń gbà lóṣooṣù. A dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò parí iṣẹ́ ní aago 7:40 òwúrọ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ti ń lù kí èyí tó kẹ́yìn tó ṣe tán. Àwọn awakọ̀ mi ní ẹ̀rọ kò mọ Ìbàdàn. Ṣé kí n san owó náà, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Mo fi àwòrán ohun tí áàpù náà gbé jáde ránṣẹ́. Èmi ni Ìyá Oníbúrẹ́dì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá, ẹ sì kú àìsùn. Èsì mi ní kúkúrú ni pé kí ẹ má tíì san owó oṣooṣù náà, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe padà sí bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà. Ètò tí áàpù yẹn gbé jáde kò tọ̀nà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí pé kò mọ ìṣirò. Ohun tí ẹ fún un láti ṣírò ni kò pé. Bí àkọsílẹ̀ yín bá ti wá pé, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa nílò irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ báyìí, ó sì di ìgbà tí àwọn oníbàárà yín bá yí padà kí ẹ tó tún pè é sí iṣẹ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa, nítorí pé bí ẹ kò bá mọ ibi tí wákàtí méjì lé ogún ìṣẹ́jú tó wà láàárín aago 7:40 àti aago mẹ́wàá yẹn gbà wọlé, ẹ lè lọ ra áàpù mìíràn tó wọ́n ju èyí lọ, kí òun náà sì tún pa irú irọ́ kan náà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí irú sọ́fítíwíà yìí ń ṣe. Google Maps tó wà lórí fóònù gbogbo wa ń dáhùn ìbéèrè kan: láti ibí dé ọ̀hún, ọ̀nà wo ni kí n gbà? Ó gba ibi mẹ́wàá lápapọ̀ nínú ìrìn kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe to ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà sílẹ̀ ni yóò ṣe mú yín rìn. Kò ní sọ fún yín pé ì bá sàn kí ẹ ti yà sí Mọ́kọ́lá kí ẹ tó dé Ṣàngó. Ìbéèrè mìíràn ni sọ́fítíwíà tí ẹ dán wò ń dáhùn: nínú oníbàárà 72 yìí, àwọn wo ni ti ọkọ̀ kìíní, àwọn wo ni ti èkejì, ọ̀dọ̀ ta ni kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì kọ́kọ́ dé? Ìbéèrè yìí le ju bó ti ń dún létí lọ. Oníbàárà mẹ́wàá péré ṣeé tò ní ọ̀nà 3,628,800. Bí wọ́n bá di ogún, iye ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n di nọ́ńbà oní-díjíìtì 19. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ní kí òun dá gbogbo 72 yín lọ, nọ́ńbà náà di oní-díjíìtì 104, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé tó lè yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan tán.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Lọ́dún 1959, George Dantzig àti John Ramser kọ̀wé lórí bí àwọn ọkọ̀ agbépo ṣe lè kúrò ní ibùdó kan, kí wọ́n pín epo dé ọ̀pọ̀ ilé epo, kí àpapọ̀ ìrìn wọn sì kéré. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1964, Clarke àti Wright gbé ìlànà kan jáde tó rọrùn débi pé ẹ lè fi bírò ṣe é lórí tábìlì békìrì yín. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ń dá lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń padà wálé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní láti Àpáta dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ní Mọ́kọ́lá gba ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí, láti Àpáta dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ní Ṣàngó gba ìṣẹ́jú 26, láti ọ̀dọ̀ ti Mọ́kọ́lá dé ti Ṣàngó sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ẹ bá dá wọn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àlọ àti àbọ̀ méjèèjì jẹ́ ìṣẹ́jú 92. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ nínú ìrìn kan, ó di 54. Ìṣẹ́jú 38 lẹ jèrè. Ìlànà náà á wo èrè tó wà nínú síso oníbàárà méjì-méjì pọ̀, á mú àwọn tí èrè wọn pọ̀ jù lọ ṣíwájú, á sì máa so wọ́n títí ọkọ̀ yóò fi kún tàbí tí àkókò yóò fi tán. Àwọn sọ́fítíwíà òde òní ti kọjá ibẹ̀ dáadáa: wọ́n á tò ó tán, wọ́n á yọ méjì kúrò nínú ọkọ̀ kan, wọ́n á fi sínú òmíràn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dín kù, wọ́n á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Wọn kì í búra pé àwọn rí èyí tó dára jù lọ. Èyí tó dára tó ni wọ́n ń rí, fún irú iṣẹ́ tiyín yìí sì rèé, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó nǹkan.

Ẹ kíyè sí i pé iye ìṣẹ́jú ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Bí ìṣẹ́jú tí a fún un kò bá jẹ́ òótọ́, èsì tó máa gbé jáde náà kò ní jẹ́ òótọ́, bó ti wù kí ìlànà rẹ̀ dára tó.

Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, ibì kan wà tí áàpù náà ti ń béèrè iye ìṣẹ́jú tí awakọ̀ yóò lò lọ́dọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan ló wà níbẹ̀. Ó jọ pé áàpù náà ló ti fi í síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì yí i padà. Ìṣẹ́jú kan lè tó fún ẹni tó ń gbé páálí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà onílé ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè tó fún búrẹ́dì ní Ìbàdàn. Awakọ̀ yín yóò wá ibi tí yóò páàkì sí, yóò kí oníṣọ́ọ̀bù, yóò ka búrẹ́dì fún un, oníṣọ́ọ̀bù náà yóò tún un kà, wọ́n á jọ ka èyí tí kò tà lánàá tó ń dá padà, wọ́n á yọ owó ìyẹn kúrò nínú owó tòní, oníbàárà á wá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, awakọ̀ á sì dúró de àlẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í yára wọlé lọ́jọ́ tí èèyàn bá ń kánjú. Ká ní gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, mi ò sì rò pé mo bù ú pọ̀ jù. Oníbàárà 24 ni áàpù náà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò kà mọ́ ọn lọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, tí a bá sọ ọ́ di ọ̀nà 24, jẹ́ 120 ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì gbáko nìyẹn nínú wákàtí méjì lé ogún ìṣẹ́jú tí ẹ ń wá, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bóyá ẹ̀rọ mọ Ìbàdàn tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ogún ìṣẹ́jú tó kù kò ṣòroó wá rí. Ẹni tó jáde láago márùn-ún ìdájí ń rìn lórí ọ̀nà tó ṣófo. Bí ìdúró bá ti mú un pẹ́ títí aago méje fi kọjá, ó di pé òun àti àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ jọ ń du ọ̀nà ní Ìwó Road àti láàárín Bódìjà sí Ṣàngó, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá á sì di ogún. Ìdúró níbẹ̀rẹ̀ ló bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níparí. Ètò tí ẹ rí lórí fóònù kò rò ó rí pé ọkọ̀ yín yóò ṣì wà lójú títì lákòókò yẹn, nítorí náà iye ìṣẹ́jú ọ̀nà tó ṣófo ló lò títí dé òpin.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan áàpù kankan mọ́, ẹ ní kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ aago tó dé àti aago tó kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fún wọn ní ìwé tí orúkọ ti wà nínú rẹ̀ kí ó má bàa nira. Lẹ́yìn náà ẹ má ṣe fi àròpin kan ṣoṣo bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Onítíì tó ń gba búrẹ́dì mẹ́wàá tó sì ń sanwó lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lè jẹ́ mẹ́fà, súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gba ọjà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń yẹ ìwé ọjà wò, tí ọ̀gá kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lè jẹ́ ìṣẹ́jú 25. Ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ti tó.

Nígbà tí ẹ bá sì ń wo àkọsílẹ̀ náà, nǹkan kan máa hàn sí yín tí áàpù kò lè sọ fún yín láéláé. Bí ẹ bá lè mú kí àwọn oníbàárà tó ṣeé fọkàn tán máa fi owó ránṣẹ́ ní alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá tà tán, kí awakọ̀ má sì dúró de àlẹ́ẹ̀tì kankan ní ìdájí, tí èyí sì yọ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré kúrò lọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ kan yóò jèrè ìṣẹ́jú 72 láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti ń bá àwọn tó ń pín ọjà kiri ṣiṣẹ́ tipẹ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n rí bí títún ọ̀nà tò nìkan ṣe mú èrè tó bẹ́ẹ̀ wá fún ẹni tí awakọ̀ rẹ̀ ti mọ àdúgbò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ibi tí oníbàárà wà. Mo rí i nínú àwòrán yín pé orúkọ àdúgbò àti àdírẹ́sì lẹ tẹ̀ sínú áàpù náà. Àdírẹ́sì wa kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ lè gbára lé. Bí ẹ bá tẹ Awólọ́wọ̀ nìkan, ọ̀kan wà ní Bódìjà, ọ̀kan wà ní Ìkòyí ní Èkó, òmíràn wà ní Ìkẹjà, áàpù tí kò sì bi yín léèrè èwo lẹ ń wí lè mú èyí tó bá wù ú. Ilé mìíràn ní nọ́ńbà méjì, èyí tí onílé fi sí i àti èyí tí ìjọba fi sí i lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà yín kò sì ní àdírẹ́sì kankan ju “ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀wà” lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ibì kan, á mú àárín àdúgbò náà, á fi àmì síbẹ̀, á sì máa bá ìṣirò lọ bí ẹni pé òtítọ́ ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni nọ́ńbà ojú ibi gan-an, èyí tí awakọ̀ yóò gbà nígbà tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ó bá tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí Google Maps fún ìgbà díẹ̀, nọ́ńbà méjì yóò jáde. Ti àárín Ìbàdàn máa ń sún mọ́ 7.38 àti 3.93. Kí ó kọ díjíìtì mẹ́rin ó kéré tán lẹ́yìn àmì ìdá, nítorí pé díjíìtì mẹ́rin ń sọ ibi tí nǹkan wà dé bíi mítà mọ́kànlá, èyí tó tó fún bọ́ọ̀sì. Kí ó sì dúró díẹ̀ kí òbìrí búlúù tó wà lórí máàpù náà kéré kí ó tó gbà á, pàápàá bí ó bá wà láàárín ilé alájà. Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ tí mo ní láti kìlọ̀ rẹ̀: àwọn sọ́fítíwíà kan ń béèrè nọ́ńbà 7 yẹn ṣáájú, àwọn mìíràn sì ń béèrè nọ́ńbà 3 ṣáájú. Bí ẹ bá pa wọ́n dà, búrẹ́dì yín yóò di ti inú òkun, ní gúúsù Bonny, áàpù náà yóò sì sọ pé òun kò rí ọ̀nà débẹ̀. Ìyẹn tilẹ̀ sàn, torí pé ẹ ó tètè rí i. Àmì tó fi àdúgbò kan péré ṣìnà ni kì í tètè hàn.

Bí kíkọ nọ́ńbà bá ń ni àwọn awakọ̀ lára, Google Maps ń fún ibi gbogbo ní kóòdù kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Plus Code, ọ̀fẹ́ sì ni. Ti Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6FV5 bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ tán, ti Èkó sì jẹ́ 6FR5, nítorí náà ẹ lè fi ojú lásán mọ̀ bí kóòdù kan bá ti ṣìlú. Ó rọrùn láti kà lórí fóònù fún ẹlòmíràn ju nọ́ńbà gígùn lọ.

Lórí ojú ibi yìí kan náà, àwọn awakọ̀ yín ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ nínú ẹjọ́ wọn. Máàpù mọ̀ pé títì kan wà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò náà ti fi géètì sí i, pé ọlọ́dẹ kì í sì í ṣí i títí aago mẹ́fà yóò fi lù. Fún ẹni tó ń pín ọjà lọ́sàn-án, géètì Bódìjà tàbí ti Olúyọ̀lé kò jẹ́ nǹkan kan. Fún ẹni tó ń pín búrẹ́dì láago márùn-ún ìdájí, gbogbo iṣẹ́ ló dúró lé e. Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn kí wọ́n dárúkọ gbogbo géètì, gbogbo ọ̀nà tí omi ń bò lákòókò òjò, àti gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀ àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà náà ní ibi tí ẹ ti lè kọ ọ́ pé oníbàárà báyìí kò gbọ́dọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà, ìyẹn nìkan sì ti yanjú ọ̀rọ̀ géètì láìjẹ́ pé ẹ tún máàpù yà.

Ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ kan wò kí ẹ tó gba áàpù èyíkéyìí gbọ́: ṣé títì ló fi ń wọn ọ̀nà, àbí ìlà tààrà? Àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹyẹ ti ń fò ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ará Èkó ló máa ń jìyà èyí jù lọ. Ìjẹ̀dẹ́ ní apá Ìkòròdú àti Badore ní apá Àjàh kọjú síra wọn lórí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi sì ń lọ láàárín wọn. Ẹ̀rọ tó ń wo ìlà tààrà yóò so wọ́n pọ̀ bí aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀sì yóò yí gbogbo ìlú po, yóò rìn ju àádọ́ta kìlómítà lọ kí ó tó dé òdìkejì. Ìbàdàn kò ní ọ̀sà, ṣùgbọ́n ó ní odò, òkè, ojú irin àti títì olójú méjì tí kò ṣeé yí padà lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi rìn jìnnà. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ̀ ni kí ẹ wo bóyá àlọ àti àbọ̀ láàárín oníbàárà méjì kan náà ní iye ìṣẹ́jú tó yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n ń jẹ́ níbi gbogbo, ìlà tààrà ni wọ́n ń lò.

Kẹ̀kẹ́ Márúwà yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí, nítorí pé ètò tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣe é bí ẹni pé bọ́ọ̀sì ni òun náà. Oníbàárà 24 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dára lójú, àmọ́ mi ò rò pé búrẹ́dì oníbàárà 24 gba inú kẹ̀kẹ́. Ẹ ní láti kọ iye búrẹ́dì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé àti iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń gbà lójoojúmọ́. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wúlò jù ni itòsí békìrì, ní Àpáta àti Odò-Ọnà, níbi tó ti lè padà wá kó ẹrù lẹ́ẹ̀kejì láìfi àkókò ṣòfò. Ẹ wo bóyá áàpù náà gba kí ọkọ̀ kan jáde lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, nítorí pé àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Òjòó àti Akóbo kì í ṣe ibi tí ẹ ń rán kẹ̀kẹ́ sí láti Àpáta.

Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ní tiwọn kò yẹ kí wọ́n wà nínú ìrìn ìdájí rárá. Wọn kì í tíì ṣí. Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí bọ́ọ̀sì kan jáde fún wọn láago mẹ́sàn-án. Onítíì àti àwọn tó ń ta ẹ̀wà ni kí ẹ fi ṣáájú nítorí pé búrẹ́dì tó bá dé wọn lẹ́yìn aago méje ti di búrẹ́dì tí wọn yóò dá padà lọ́la. Bí ẹ bá ti kọ àkókò wọ̀nyí sínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé àpapọ̀ kìlómítà yóò lọ sókè díẹ̀. Kò burú. Iye búrẹ́dì tó ń padà wálé ni kí ẹ fi wọn èrè, kì í ṣe kìlómítà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, mo mọ ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń wo kìlómítà.

Ní ti àwọn awakọ̀, mi ò ní bá yín bá wọn wí, mi ò sì ní ní kí ẹ gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún 2021, ilé-iṣẹ́ Amazon àti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà pe àwọn onímọ̀ sí ìdíje kan, ohun tí wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa to ọ̀nà bí àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń tò ó, nítorí wọ́n ti rí i pé àwọn awakọ̀ máa ń kúrò lórí ìlà tí ẹ̀rọ fún wọn, tí wọ́n sì máa ń ní ìdí. Ìdí lè jẹ́ ibi ìpáàkì, ó lè jẹ́ oníbàárà tó máa ń pẹ́ jí. Ó sì lè jẹ́ pé awakọ̀ fẹ́ gba iwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá kọ ìdí tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé, ẹ fi ìdí náà sínú áàpù kí ó di òfin fún ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá rí ìdí kankan kọ, ìlà ẹ̀rọ ni kí ó tẹ̀ lé. Ẹ sì gbìyànjú kí oníbàárà máa rí awakọ̀ kan náà lójoojúmọ́, torí pé owó àwìn wà láàárín wọn, awakọ̀ tuntun kò sì ní mọ ẹni tó jẹ mélòó.

Láti mọ ẹni tó gbà á láàárín ẹ̀rọ àti awakọ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan rìn ín bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e rin ètò tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ago kìlómítà ọkọ̀ láàárọ̀ àti nígbà tó bá wọlé, ẹ kọ aago tí oníbàárà tó kẹ́yìn gba ọjà, ẹ sì ka búrẹ́dì tó padà. Ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi kò ṣeé fi wé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé. Ohun mìíràn kan tún wà: bí áàpù bá fún ọkọ̀ kan ní oníbàárà 33, tó fún èkejì ní 18, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ ìrìn ṣe kéré jù, ẹ wá ibi tí a ti ń sọ fún un pé kí iṣẹ́ bára dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀ yín kò ní jẹ́ kí ètò náà pé oṣù kan.

A wá dé orí owó. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi OptimoRoute, Routific àti Route4Me ń gba owó oṣooṣù ní dọ́là. Àwọn kan ń ka awakọ̀, àwọn kan ń ka iye ẹrù tí ẹ gbé. Iṣẹ́ tó tọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún àwọn tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó, tó jẹ́ pé àdírẹ́sì tòní kò bá tàná mu rárá, kò lè ṣe é láìsí i, àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ jókòó láago mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́ kí ó máa fi ọwọ́ tò ó. Ti yín yàtọ̀. Oníbàárà 72 kan náà ni, ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, láti Ajé títí dé Àbámẹ́ta. Ètò tó dára fún ọjọ́ Ajé yóò dára fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ to ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀, ẹ sì máa tún un yẹ̀ wò nígbà tí oníbàárà bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bá ti wọlé tàbí tí wọ́n bá ti lọ. Sísan owó lóṣooṣù fún ìbéèrè tí ẹ ń bi í lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kò bójú mu.

Fún ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ẹ lè fi ìdánwò ọ̀fẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ ṣe é bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì pé. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá gbọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀, irinṣẹ́ méjì wà tí kò gba kọ́bọ̀: OR-Tools ti Google, àti VROOM tó ń bá máàpù OpenStreetMap ṣiṣẹ́. VROOM wà lára àwọn tó ń fẹ́ nọ́ńbà 3 ṣáájú 7, kí ó rántí. Àwọn méjèèjì ń gba iye ẹrù, àkókò ìdúró àti wákàtí oníbàárà. Fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan, ẹ kó Excel tí orúkọ àti nọ́ńbà ojú ibi wà nínú rẹ̀ sínú Google My Maps, gbogbo àmì á jáde sórí máàpù, ẹ ó sì fi àwọ̀ ya ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Kò ní bá yín to ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ máa rí oníbàárà tí bọ́ọ̀sì méjì jọ ń kọjá níwájú rẹ̀ láìnídìí.

Bí ẹ bá ń kó orúkọ sínú áàpù tó jẹ́ ti òkè òkun, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà àti owó tó jẹ yín sínú rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, áàpù náà kò sì nílò ju nọ́ńbà ojú ibi àti àmì ìdámọ̀ bíi “B14” láti fi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àṣẹ lórí WhatsApp láti gbé kéèkì àti búrẹ́dì dé ilé onílé, kí ẹ tún ìbéèrè yìí bi ara yín, torí pé àdírẹ́sì á ti máa yí padà lójoojúmọ́ nígbà náà, owó oṣooṣù sì lè di ohun tó yẹ. Títí dìgbà náà, bí ẹ bá ti fi káàdì báńkì yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ gbé ètò yín jáde sínú Excel lónìí, kí ẹ sì fagi lé ìforúkọsílẹ̀ náà kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n má bàa yọ dọ́là oṣù àkọ́kọ́.